Kí Ìlù Má Baà Yadi: Ohun Tó Yẹ Ká Wò Ká Tó Yan Transient Shaper

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbọ́ dídún ìlù ló ń gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ. Òtítọ́ yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé, ṣùgbọ́n ó ti gba ìtumọ̀ mìíràn láyé ìsinsìnyí, tí ọ̀dọ́ kan lè jókòó sí yàrá rẹ̀ n'Íbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó gba ohùn dùndún sílẹ̀, kí ó sì máa tún un ṣe títí yóò fi bá ìlù inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ mu. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni transient shaper. Plugin ni, ìyẹn ètò kékeré tí a ń so mọ́ ètò ńlá tí a fi ń ṣe orin. Ó lè mú kí ìlù yọ ketekete láàárín orin. Ó sì lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìlù pátápátá. Ìdí nìyí tí èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Yorùbá fi gbà pé ọ̀rọ̀ yíyàn rẹ̀ kan àwa náà, kì í ṣe àwọn tó ń ṣe orin nìkan.

Ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹgọ́ lu ojú ìyáàlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun méjì ló wà nínú ìró kan yẹn. Èkíní ni ìró gbígbẹ tó ń wáyé bí igi ṣe kan awọ. Yóò ti kọjá kí a tó ṣẹ́jú. Èkejì ni ohùn tó ń dún tẹ̀lé e níwọ̀n ìgbà tí awọ bá ṣì ń gbọ̀n. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, n ó máa pe èkíní ní orí ìró, n ó sì máa pe èkejì ní ìrù ìró. Bọ́tìnì méjì ló ṣe pàtàkì jù lára transient shaper: Attack ń mú orí ìró le sí i tàbí kí ó rọ̀ ọ́, Sustain sì ń mú ìrù rẹ̀ gùn tàbí kí ó gé e kúrú.

Ilé-iṣẹ́ SPL ní orílẹ̀-èdè Jámánì ló gbé Transient Designer jáde ní ọdún 1998, Ruben Tilgner ló sì ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ kàn ni nígbà náà, kì í ṣe ètò inú kọ̀ǹpútà. Attack rẹ̀ lè fi 15 dB kún orí ìró tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò. Sustain rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ dé 24 dB. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòroó yé. Ẹ̀rọ náà ń tọpa agbára ìró lọ́nà méjì: ọ̀nà kan ń yára tẹ̀lé e, èkejì ń fà sẹ́yìn. Ibi tí àlàfo bá ti yọ láàárín méjèèjì nígbà tí ìró ń gòkè, ibẹ̀ ni orí ìró wà. Nítorí náà, kò kàn án bóyá onílù lu ìlù jẹ́jẹ́ tàbí ó lù ú kíkankíkan. Kọ̀ńprẹ́sọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ń dúró de ìgbà tí ìró bá kọjá ààlà tí a pa fún un kí ó tó ṣiṣẹ́, lílù jẹ́jẹ́ sì lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìfarakàn án.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọ̀ ọ́? Ẹ wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà. Ohùn nìkan ló pín wọn níyà. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra wọn nìkan ló ní láti fi sọ̀rọ̀. Ohùn yẹn kò sí ní orí ìró. Inú ìrù ló ń gbé. Nígbà tí onílù bá fún ọsán mọ́ra lẹ́yìn tó ti lu awọ, tí ohùn sì ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, inú ìrù ìró ni gbogbo ìrìn yẹn ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá gé ìrù náà ti gé ìrìn náà. Ohun tó kù ni kó, kó, kó, bí ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn.

Lọ́dún tó kọjá, ìdílé kan gbé orin kan fún mi kí n kọ ohun tí ìyáàlù ń sọ nínú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa hàn lábẹ́ fídíò ìrántí bàbá wọn. Oríkì bàbá náà ni onílù fi ìlù kì. Fáìlì méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́: ọ̀kan bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀, èkejì lẹ́yìn tí ẹni tó ṣe orin náà ti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, mo bá ìlù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú èkejì, ìlù náà mọ́, ó le, ó sì dùn-ún jó sí, ṣùgbọ́n n kò rí gbólóhùn kan kọ. Àbúrò olóògbé tí a jọ gbọ́ ọ béèrè pé, "Ṣé ìlù kan náà nìyí?" Ìlù kan náà ni; Sustain ni wọ́n fà wálẹ̀ kí ìlù má baà dí ohùn olórin lọ́wọ́. Wọ́n dá a padà, oríkì sì padà.

Àwọn àyàn ti mọ ìyàtọ̀ orí àti ìrù tipẹ́. Ẹ wo ìda tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ gúdúgúdú: ó ń dín bí awọ náà ṣe ń gbọ̀n pẹ́ kù, ìró rẹ̀ sì ń ṣe ṣókí. Ìlù tó ń di ìlù mú ni gúdúgúdú, kì í ṣe òun ni agbẹnusọ. Ìyáàlù tí í ṣe agbẹnusọ kò ní ìda lójú. Ọsán ló ní, kí ohùn lè máa lọ kí ó máa bọ̀. Ìlànà tí a lè tẹ̀ lé nìyẹn. Ẹ lè gbé Attack gúdúgúdú sókè, kí ẹ sì dín Sustain rẹ̀ kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ìyáàlù tó ń sọ̀rọ̀, ẹ fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi díẹ̀ kún un.

Kí wá ni ká wò ká tó yàn? Àkọ́kọ́, ẹ wo ohun tó wà nílé kí ẹ tó náwó. Logic Pro ní Enveloper, Cubase ní EnvelopeShaper, FL Studio ní Transient Processor, Drum Buss inú Ableton Live sì ní bọ́tìnì tí wọ́n pè ní Transients. Kilohearts náà ń fi Transient Shaper tiwọn tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ẹni tó ń fi náírà ra ọjà dọ́là, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Èkejì, ẹ wò ó bóyá ìlù yín nílò èyí tó lè pín ìró sí ìpele. Ṣaworo etí ìyáàlù ń dún lókè, ohùn ìlù fúnra rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí plugin bá ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ìró lápapọ̀, bí ẹ ṣe ń gbé Attack sókè ni ṣaworo náà ń han etí. Èyí tó wà nínú Neutron ti iZotope lè pín ìró sí ìpele mẹ́ta, kí a lè tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí kò bá sí ìṣòro ṣaworo, èyí tó rọrùn bíi Transient Master ti Native Instruments, tí Attack, Sustain àti Gain jẹ́ bọ́tìnì pàtàkì rẹ̀, ti tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ rí i dájú pé yóò bá ètò orin yín mu. AU ni Logic ń gbà, AAX ni Pro Tools ń gbà, VST sì ni ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ń lò. Ẹ gba èyí tí wọ́n gbà yín láyè láti dán wò, kí ẹ sì fi ìlù tiyín dán an wò, kì í ṣe ìlù àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀.

Nígbà ìdánwò, ẹ kọ́kọ́ mú kí ariwo méjèèjì dọ́gba, èyí tí ẹ tún ṣe àti èyí tí ẹ kò fọwọ́ kàn, nítorí etí máa ń rò pé ohun tó pariwo jù ló dára jù. Ẹ ṣọ́ góńgó ìró, torí Attack tó pọ̀ lè mú kí ó kọjá 0 dB, kí ó sì fọ́. Ẹ rántí pé bí Sustain bá ń gbé ìrù ìlù sókè, ó ń gbé gbohùngbohùn inú yàrá àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò pẹ̀lú rẹ̀. Aṣọ nípọn tí a ta mọ́ ògiri kí a tó gba ìlù sílẹ̀ sàn ju àtúnṣe lẹ́yìn ọ̀la lọ.

Ìdánwò tó kẹ́yìn kò gba owó. Ẹ fi ìlù náà han ẹnì kan tó mọ òwe tàbí oríkì tí onílù lù, lórí fóònù lásán, ẹ má sì sọ èwo ni fún un. Bí ó bá pè é jáde, iṣẹ́ yín pé. Bí kò bá dá a mọ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, tó sì dá a mọ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹ dá bọ́tìnì padà. Àwọn àgbà ti sọ pé bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Nínú kọ̀ǹpútà, awọ kì í ya. Ọ̀rọ̀ ló ń sọnù.