Ní Johannesburg, oòrùn ń mú ajá, ìṣirò ń mú ọmọ

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń mú àwọn ará Ọ̀yọ́ lóṣù Kejìlá, tí kálukú ń wá aṣọ tó nípọn dà bora, ooru ló ń mú àwọn ará Johannesburg. Ìhà ìsàlẹ̀ ayé ni Gúúsù Áfíríkà wà, òdìkejì ìgbà ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sì ń lò. Inú àsìkò ooru yìí, lóṣù Kẹwàá àti Ìkọkànlá, ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń ṣe ìdánwò àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní matric. Oṣù Kìn-ín-ní ni èsì ń jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àdúgbò fi máa ń jẹ́ oríṣi méjì lásìkò náà: olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ ní ìṣirò, àti bí ajá kò ṣe ní kú sínú ooru.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò kì í ṣe eré níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1953, nígbà tí ìjọba aláwọ̀ funfun ń ṣòfin ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ adúláwọ̀, mínísítà wọn, Hendrik Verwoerd, béèrè nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí làǹfààní kíkọ́ ọmọ dúdú ní ìṣirò nígbà tí kò ní rí i lò. Ẹ ò rí ìkà ènìyàn! Nígbà tó yá, ìjọba kan náà pàṣẹ pé èdè Afrikaans ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ Soweto ní ìṣirò. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà ọdún 1976 làwọn ọmọ náà tú síta, tí ọlọ́pàá sì yìnbọn fún wọn.

Ọkùnrin kan wà ní Soweto nígbà náà tí kò gba ọ̀rọ̀ Verwoerd sétí. Thamsanqa Kambule lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò ni, òun náà sì ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ Orlando High. Ìṣirò tí wọ́n ní kò wúlò fún ọmọ dúdú gan-an ló tẹra mọ́ kíkọ́ wọn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà sú u, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1977. Yunifásítì Wits gbà á láti máa kọ́ni ní ìṣirò. Ọdún 2002 ni ìjọba tuntun fún un ní àmì ẹ̀yẹ Baobab. Ó kú lọ́dún 2009, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ilé ìmọ̀ ìṣirò ní Wits.

Òfin burúkú náà ti lọ, wàhálà rẹ̀ kò tíì tán. Láti ọdún 2006, ọmọ tó bá wọ kíláàsì kẹwàá tó sì fẹ́ sá fún ìṣirò gidi lè mú Mathematical Literacy, ìyẹn ìṣirò ojoojúmọ́ nípa owó àti ìwọ̀n. Ó lè fi èyí yege tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti ìṣègùn ti dí mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀! Ohun tó ń mú òbí wá lẹ́sìnnì kiri nìyẹn. Ojú títì ló la Sandton àwọn olówó àti Alexandra àwọn mẹ̀kúnnù láàrin, àpò wọn kò sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n olówó tó dúró di oṣù ìdánwò kó tó wá olùkọ́ náà pẹ́ jù. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwé dé. Ibi tí ọmọ ti sọnù ló ń padà sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdajì àti ìdámẹ́ta tí wọ́n kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Bí ọmọ ṣe ń làágùn lórí ìwé nínú ilé ni ajá ń jẹ oòrùn níta. Ajá tí àwọn ará Oǹdó fi ń bọ Ògún, ọlọ́dẹ ilé ni ní Johannesburg, níbi tí ògiri gíga ti yí ọ̀pọ̀ ilé ká. Àmọ́ ajá kò lè làágùn bí ènìyàn. Àfi kó yọ ahọ́n síta, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí wọ́n bá tì í mọ́ inú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ooru ìta kò ju 22 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti inú ọkọ̀ lè gun 47 láàrin wákàtí kan. Òfin ààbò ẹranko ti ọdún 1962 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti so ẹran mọ́ ibi tí kò ti ní ààbò lọ́wọ́ ooru, tàbí láti fi omi dù ú.

Eégbọn tún wà níbẹ̀. Òjò àsìkò náà ń mú koríko hù, eégbọn a sì pọ̀. Àìsàn kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní biliary ni eégbọn ń kó ran ajá, tó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ajá kò ní jẹun mọ́, èrìgì rẹ̀ a funfun, ìtọ̀ rẹ̀ a pọ́n dúdú. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló lè fi pa á, nítorí náà ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Àrá àti yìnyín ń bẹ lọ́sàn-án, báńgà ń bẹ lóru ọjọ́ tí ọdún tuntun ń wọlé. Ajá tí ẹ̀rù bà a fo ògiri, a sì sọnù. Ẹni tó bá so nọ́ńbà fóònù mọ́ ọrùn ajá rẹ̀, tó sì mú un wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ṣeé ṣe kó bá a nílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì.