Pápá Tí Òfin Fi Lé Káńsù Lọ́wọ́

Bí ẹ bá dúró sí ìkóríta ìlú kékeré kan nílẹ̀ Yorùbá, tí ẹ ní kí ọlọ́kadà gbé yín lọ sí páàkì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa bi yín: "Ti Ìbàdàn ni àbí ti Ìlọrin?" Gárèèjì ló máa já yín sí, níbi tí agbèrò ti ń pariwo orúkọ ìlú, tí àwọn oníbúrẹ́dì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Lọ́dọ̀ wa, páàkì ni ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra. Páàkì tún lè jẹ́ ibi tí igi ti ṣíji bo bẹ́ǹṣì, tí ọmọdé ti ń sáré kiri, tí arúgbó ti ń gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́ láìsan kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ìlú tó ní irú rẹ̀ kò pọ̀.

Òfin ilẹ̀ wa mọ páàkì méjèèjì. Káńsù kan náà ló sì fi méjèèjì lé lọ́wọ́. Ohun tó mú kí ọ̀kan máa gbòòrò sí i, tí èkejì ń parẹ́, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, Àfikún Kẹrin ló ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ìtẹ́ òkú wà níbẹ̀, ilé àwọn aláìní náà wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Ilé ìpẹran, ọjà, gárèèjì, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbò. Títì, iná ojú pópó, gọ́tà, ọgbà ìgbafẹ́, àti ilẹ̀ gbalasa tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Sísọ àdúgbò lórúkọ, fífi nọ́ńbà sára ilé, kíkó pàǹtírí, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti olóògbé sínú ìwé. Láti ọjọ́ ìkómọ títí dé ọjọ́ ìsìnkú, ọ̀rọ̀ ẹ̀dá kò kúrò lọ́wọ́ káńsù. Kò sí ìjọba mìíràn tó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀.

Káńsù tí a ń sọ yìí kì í ṣe ohun àná. Lọ́dún 1952 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà ṣe òfin tó fìdí káńsù tí ará ìlú ń dìbò yàn múlẹ̀, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Àtúntò ọdún 1976 ló sọ wọ́n di ọ̀kan náà jákèjádò Nàìjíríà. Lónìí wọ́n jẹ́ 774, 137 nínú wọn sì wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀pọ̀ nínú olú ìlú wọn ni ìlú kékeré tó jẹ́ pé ọjà ọba, ààfin, ilé ìwé kan tàbí méjì àti gárèèjì ni gbogbo ohun tí àlejò máa rí.

Alága àti àwọn káńsẹ́lọ̀ ni ará ìlú mọ̀ jù, nítorí àwòrán wọn ló máa ń wà lára ògiri. Àmọ́ àwọn olóṣèlú máa ń wá, wọ́n sì máa ń lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń jókòó ti iṣẹ́: akápò, àwọn ti ẹ̀ka títì àti ilé kíkọ́, àwọn ti ìlera, ti ọ̀gbìn, ti ìdàgbàsókè àdúgbò. Àwọn náà kì í pẹ́ lójú kan. Ìgbìmọ̀ tó wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, òun náà ló ń gbé wọn láti káńsù kan sí òmíràn. Ẹni tó gbin igi lónìí lè ti wà ní ìlú mìíràn kí igi náà tó ṣíji bo ẹnikẹ́ni.

Nínú gbogbo wọn, wọlé-wọlé ni àwọn òbí wa kò gbàgbé. Bí ariwo bá ti sọ ládùúgbò wa pé wọ́n ń bọ̀, ìdí àmù ni màmá àgbà mi máa ń sáré lọ. Á ṣí ìdérí, á tẹ ojú mọ́ omi títí, tanwíji ló ń wá. Kòkòrò tín-ínrín tó ń ju ara rẹ̀ ròkè-rodò nínú omi yẹn ló ń di ẹ̀fọn, bí wọlé-wọlé bá sì rí ẹyọ kan péré, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Nítorí náà, bí ojú rẹ̀ bá rí ohun tó jọ tanwíji, màmá á da omi tó ti fi orí rù láti odò nù, á fi kànìnkànìn bọ inú àmù fọ̀ ọ́, á sì da ojú rẹ̀ dé sínú oòrùn. Nígbà tí ọkùnrin náà bá wọlé nínú aṣọ kakí rẹ̀, á kí i dáadáa: "Ẹ kú ilé o, màmá. Ẹ jẹ́ n wo àmù yín." Á tan tọ́ọ̀ṣì sí i, á wo ẹ̀yìnkùlé, á wo ṣáláńgá, á sì jáde. Màmá máa ń bínú sí i lẹ́yìn tó bá lọ tán, ṣùgbọ́n àmù wa mọ́.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ó fi hàn bí iṣẹ́ ìlú ṣe ń yọrí sí rere. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n, ó ń wá lọ́jọ́ tó yẹ, owó oṣù rẹ̀ kò sì dúró de kí ẹnikẹ́ni dáwó. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wà títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tó nǹkan. Ẹ dé ilé ìpẹran ní ìdájí, ẹ óò rí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ la ẹ̀dọ̀ màlúù láti wo bóyá aràn wà nínú rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀dọ̀fóró bóyá ikọ́ ife ti ba ibẹ̀ jẹ́. Bí onítọ̀hún kò bá wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹran náà á dé ọjà, a ó sì rà á jẹ.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kàn. Nínú owó àpò àpapọ̀ tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín lóṣooṣù, ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìjọba àpapọ̀, 26.72 ti àwọn ìpínlẹ̀, 20.60 ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Abala 162 ìwé òfin ní kí ti ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ wọ àpò àjùmọ̀ní kan tó wà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ alága. Ìgbà kan wà, lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, tí "síírò alokéṣọ̀n" gba ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ káńsù kan: oṣù parí, wọ́n yọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ yọ, káńsù kò rí nǹkan kan mú lọ sílé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà, àti pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tú káńsù tí ará ìlú dìbò yàn ká. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ìdájọ́ yẹn. Síbẹ̀, owó lè dé tààrà kó má dé orí pápá.

Ìdí ni pé owó méjì ni káńsù ní, ti Àbújá àti èyí tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà nílé. Òfin ọdún 1998 to àwọn owó tí káńsù lè gbà: owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóṣìkì, owó ọjà, owó ilé ìpẹran, owó gárèèjì. Ẹ wò ó dáadáa. Gárèèjì ń mú tíkẹ́ẹ̀tì wá ní òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ọjà náà ń mú un wá. Ọgbà tí ènìyàn ń jókòó sí kò mú nǹkan kan wá, ó tún ń fẹ́ ẹni tó máa gbá a, tó máa gé koríko rẹ̀. Bí alága kan bá wá rí ilẹ̀ gbalasa níwájú gbọ̀ngàn ìlú, ṣọ́ọ̀bù ni ọkàn rẹ̀ máa lọ sí, nítorí ṣọ́ọ̀bù ogún yóò san owó, pápá ṣófo kò ní san. N kò pè é ní ìwà ìkà. Bí òfin owó ṣe tò ó sí nìyẹn.

Èyí tó ń mú owó wá náà, kì í pẹ́ tí ọwọ́ àwọn alágbára fi ń tó o. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ onímọ́tò dúró ní 2019, tí Èkó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022, àwọn tí ìpínlẹ̀ yàn ni wọ́n ń ṣàkóso gárèèjì, bẹ́ẹ̀ gárèèjì wà nínú iṣẹ́ tí ìwé òfin kà fún káńsù. Ibi ìgbafẹ́ tó lókìkí náà kò yàtọ̀. Òkè Ìdànrè àti omi gbígbóná Ìkògòsì, ìlú kékeré ni méjèèjì wà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló ni àkóso wọn. Ọgbà Agodi ní Ìbàdàn, tí omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 bà jẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ ló tún un ṣe tí wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Ó dára kí irú ibẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ìyá alákàrà lè rán ọmọ rẹ̀ lọ ṣeré ní ìrọ̀lẹ́.

Owó kan wà nínú àkọsílẹ̀ 1998 yẹn tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí: owó àríyá àti dídí títì. Àwọn tó kọ òfin náà mọ ìlú wa. Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti ń ri òpó àtíbàbà mọ́lẹ̀ láàárín títì. Wọ́n á fi táyà àti bẹ́ǹṣì dínà. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán Sátidé, ìkòkò ọbẹ̀ ti wà lórí gọ́tà, onílù ti wà lójú pópó, ọkọ̀ tó gbé aláìsàn á máa wá ọ̀nà gba ẹ̀yìnkùlé onílé. A máa ń bú àwọn olóde pé wọ́n ti ṣe àṣejù. Èmi kò bá wọn wí. Ìdílé tó ń sin ìyá wọn, tí àlejò ọ̀ọ́dúnrún ń bọ̀ wá bá, níbo ni kí wọ́n gbà wọ́n sí? Gbọ̀ngàn ìlú kéré, pápá ti di ṣọ́ọ̀bù. Títì nìkan ni ilẹ̀ gbalasa tó ṣẹ́kù.

Ohun tí mo wá rò ni pé kí káńsù ya owó yẹn sọ́tọ̀. Kí owó tí à ń san láti dí títì jẹ́ owó tí a fi ń tọ́jú ibi tí a kò fi ní dí i mọ́: ilẹ̀ kan tó ní igi, tó ní ẹ̀rọ omi àti ilé ìyàgbẹ́, tí ìdílé lè gbà fún òde lọ́jọ́ Sátidé, tó sì jẹ́ ti ọmọdé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Kí ó ní ẹni tí wọ́n ń sanwó oṣù fún, tí gbogbo ìlú mọ̀, bí wọ́n ṣe mọ wọlé-wọlé.

Kì í ṣe pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa. Ojúde ọba ni, níbi tí ọjà ti ń ná tí eégún ti ń jó. Yídì ni, tó ń ṣófo láti ọdún dé ọdún títí dìgbà tí gbogbo ìlú bá wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìtúnú Àwẹ̀ tàbí lọ́jọ́ Iléyá. Ààfin Ọlọ́wọ̀ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ní àgbàlá inú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún nígbà kan. Lẹ́yìn ààfin púpọ̀, igbó máa ń wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi dáko, tí ewé àti egbò ìlú ń ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí òyìnbó dé, ilẹ̀ ààfin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bù ní ọ̀pọ̀ ìlú, fún kóòtù, fún ilé ìfìwéránṣẹ́, fún gbọ̀ngàn. Àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ló sì ń ro ọ̀nà, tí wọ́n ń gbá ojú ọjà.

Lóde òní, ẹgbẹ́ onídàgbàsókè ìlú ló gba ipò wọn. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ì bá ti wà lókùnkùn bí kì í bá ṣe pé àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti òkè òkun dáwó ra tiransifọ́mà. Wọ́n ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n ti kọ́ ilé ìtọ́jú aláboyún. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Àmọ́ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kíkọ́, nítorí ilé tuntun ní ọjọ́ ìṣílé, ó ní òkúta tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Gbígbá pápá kò ní ọjọ́ ìṣílé. Ojoojúmọ́ ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìlú kan lápá Òkè-Ògùn, mo dúró létí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ń kó ẹ̀lùbọ́ tó ti gbẹ kúrò lórí àpáta, ewúrẹ́ ń jẹ koríko létí ògiri, bàbá arúgbó kan sì gbé àga rẹ̀ wá sí abẹ́ igi ọ̀dán. Àwọn ọmọ bí mẹ́rìnlá ń gbá bọ́ọ̀lù. Òpó síméńtì kúkúrú méjì tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sí lórí ni wọ́n fi ṣe gólì. Mo pe ọ̀kan nínú wọn, mo bi í pé ta ló ri òpó náà síbẹ̀.

"Àwọn tó wá wọn ilẹ̀ ni, sà."

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe síbẹ̀?"

"Ṣọ́ọ̀bù, sà," ó fèsì, ó sì sáré padà lọ, nítorí bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.