Lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà wá: Ṣé ó tó í fi jẹun?

Nínú oòrùn, kò sí kámẹ́rà tí kò mọ iṣẹ́ ṣe. Ní nǹkan bí aago 11 òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, tí ọkọ àti ìyàwó bá jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹbí tọ̀tún tòsì tò sórí àtẹ̀gùn, tí aṣọ ẹbí ń dán yanran, gbogbo onífọ́tò tó bá ti lè tẹ kámẹ́rà ló máa rí àwòrán gidi mú jáde. Àmọ́ tó bá di aago 7 alẹ́, tí èrò ti wọ inú gbọ̀ngàn, tí iná pupa àti búlúù ń yí po lójú agbo, tí ìyá ìyàwó wá bọ́ sójú agbo tó ń jó, ibẹ̀ ni ọ̀gá lẹ́ǹsì ti ń yàtọ̀ sí ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onífọ́tò nìkan. Ó kan bàbá tó wà lóko, tí ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò nígboro pè lórí fóònù pé kámẹ́rà tí bàbá rà fún òun kò ṣeé mú lọ sóde, pé lẹ́ǹsì tó bá a wá kò ju ohun ìṣeré lọ, pé bí bàbá bá lè ta àpò kòkó díẹ̀ sí i, òun á ra èyí tó jẹ́ ojúlówó. Ó sì kan ẹni tó fẹ́ sin òkú òbí rẹ̀, tó gba onífọ́tò sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sìnkú. Bí àwòrán ọjọ́ náà bá ríran bàìbàì, kò sí ẹni tó máa ní kí àlejò padà wá jó. Ǹjẹ́ lóòótọ́ ni lẹ́ǹsì yẹn kò dára, àbí ọmọ ni kò tíì mọ̀ ọ́n lò?

Lẹ́ǹsì ni ẹyinjú kámẹ́rà, ìyẹn gíláàsì iwájú rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Àwọn àgbà yóò rántí ayé tí onífọ́tò máa ń ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú lẹ́yìn kámẹ́rà onígi. Bó bá fẹ́ kí ojú ènìyàn tóbi nínú àwòrán nígbà náà, àfi kó gbé kámẹ́rà rẹ̀ sún mọ́ ọn. Bó bá fẹ́ kí gbogbo agbo ilé wọlé, àfi kó fà sẹ́yìn. Lẹ́ǹsì súùmù ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà yẹn kúrò. Onífọ́tò á kàn fi ọwọ́ yí òrùka tó wà lára rẹ̀ ni, ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á sì sún mọ́ tòsí.

Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ni èyí tí wọ́n kọ 18-55mm sí lára. Tí wọ́n bá yí i sí 18, ó máa ń gba agbo ńlá. Tí wọ́n bá yí i sí 55, ó máa ń fa ojú ènìyàn kan mọ́ra. Ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ Canon ti ilẹ̀ Japan gbé irú rẹ̀ jáde pẹ̀lú kámẹ́rà EOS 300D. Kámẹ́rà náà àti lẹ́ǹsì rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 999 dọ́là ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ohun ìyanu sì ni, nítorí pé irú kámẹ́rà dígítà tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ ti máa ń lé ní 1,000 dọ́là dáadáa kó tó di ìgbà yẹn. Nikon náà gbé 18-55 tirẹ̀ jáde ní ọdún 2005 pẹ̀lú kámẹ́rà D50.

Owó tí wọ́n dín kù lórí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ike ni wọ́n fi ṣe ẹnu tó fi ń wọ ara kámẹ́rà, kì í ṣe irin. Gíláàsì inú rẹ̀ kéré, ìdí nìyẹn tí ti Canon àkọ́kọ́ kò fi ju nǹkan bíi gíráàmù 190 lọ, ìyẹn bí ìwúwo ọsàn ńlá kan. Ẹni tó bá gbé e kọ́ ọrùn láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní ráhùn. Ṣùgbọ́n gíláàsì tó kéré kò lè gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, orí èyí sì ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi ẹnu lásán dá lẹ́ǹsì lẹ́jọ́. Ìdánwò kan wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n mú ojú ewé ìwé ìròyìn kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níta níbi tí òjìji wà, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí wọ́n gbé kámẹ́rà sórí tábìlì tí kò mì, kó kọjú sí ìwé náà gan-an. Kí wọ́n yà á ní 18, kí wọ́n yà á ní 35, kí wọ́n tún yà á ní 55. Lẹ́ẹ̀kọ́kọ́, kí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣí dé ibi tó lè ṣí dé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dín in kù sí ibi tí kámẹ́rà ń pè ní f/8. Tí wọ́n bá wá fẹ àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n wo lẹ́tà tó wà láàrin, kí wọ́n sì wo èyí tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Pẹ̀lú lẹ́ǹsì ọdún 2003 yẹn, lẹ́tà àárín máa ń ṣeé kà, ṣùgbọ́n ti igun máa ń rí bí ìgbà tí ẹni tí ojú ń dùn ń kàwé láìlo awò. Ní f/8, igun náà á túbọ̀ já gaara. Èyí tí Canon tún ṣe ní ọdún 2007, tí wọ́n kọ IS sí lára, dára jù ú lọ dáadáa. Ti ọdún 2013, tí wọ́n kọ STM mọ́ ọn, tún sàn ju ìyẹn lọ, ó sì yára láti mú ojú ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní 18-55 kò dára, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í pé èwo nínú wọn.

Àwọn àléébù mìíràn wà tí ènìyàn lè rí láìlo ìwé ìròyìn. Tí wọ́n bá dúró sí tòsí ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì yà á ní 18, òpó ilẹ̀kùn tó tọ́ gbọnrangandan á yọ ikùn síta bí àgbá. Tí wọ́n bá ya imọ̀ ọ̀pẹ lábẹ́ sánmọ̀ tó funfun, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí àwọ̀ àlùkò lè hàn létí àwọn imọ̀ náà. Kọ̀ǹpútà lè tún èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí ṣe.

Èyí tí kọ̀ǹpútà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí tún ṣe ni èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ẹbí. Bí onífọ́tò bá sún mọ́ èrò jù, tó yí lẹ́ǹsì sí 18 kí gbogbo wọn lè wọlé, àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun òsì àti ọ̀tún á fẹ̀ ju bí Ọlọ́run ṣe dá wọn lọ. Àǹtí tó dúró létí ìlà kò ní gbà pé lẹ́ǹsì ló sọ òun dà bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ẹni tó di kámẹ́rà mú ni. Kó fà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ márùn-ún sí mẹ́wàá, kó yí i sí nǹkan bí 28 tàbí 35, kí kálukú lè gba ara rẹ̀ padà. Ní ti ojú ìyàwó àti gèlè rẹ̀, 55 ni kó lò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi lẹ́ǹsì yìí dá lẹ́jọ́ nìyí: ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń wo àwòrán, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ títí á fi tóbi bí ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kò já gaara. Àwòrán tí àlejò ń rà lóde kì í sábà ju ínṣì 5 sí 7 lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ irú rẹ̀ kó mọ́ dáadáa, ààmì bíi mílíọ̀nù 3 péré ló ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ EOS 300D ọdún 2003 pàápàá ní ju mílíọ̀nù 6 lọ. Lórí ìwé tó kéré báyẹn, igun tí kò já gaara kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Fírémù ńlá tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ pálọ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú gbọ̀ngàn ní aago 7 alẹ́. Nọ́ńbà f tí wọ́n kọ sára lẹ́ǹsì ló ń sọ bí ihò ìmọ́lẹ̀ ṣe lè ṣí tó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ihò á ṣe tóbi tó, èyí sì máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Lẹ́ǹsì 18-55 yìí máa ń ṣí dé f/3.5 tí wọ́n bá yí i sí 18, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yí i dé 55, kò lè kọjá f/5.6 mọ́. Lẹ́ǹsì tó wọ́n jù ú lọ lè ṣí dé f/2.8 níbikíbi tí wọ́n bá yí i sí. Ìlọ́po 4 ìmọ́lẹ̀ tí f/5.6 ń gbà ni f/2.8 ń gbà. Ìyẹn ni pé bí ẹni tó ní f/2.8 bá lè ya ìyá ìyàwó láàrin ìdá 100 ìṣẹ́jú àáyá, ẹni tó ní f/5.6 gbọ́dọ̀ fi ìdá 25 yà á. Láàrin àkókò yẹn, ọwọ́ tó ń ná owó mọ́ni lórí ti kúrò níbi tó wà, ohun tó máa hàn nínú àwòrán kò ju èéfín lọ.

IS ti Canon àti VR ti Nikon kò lè gba onífọ́tò sílẹ̀ níbí. Ọwọ́ onífọ́tò tó ń gbọ̀n ni wọ́n ń mú dúró, wọn kò lè mú ẹni tó ń jó dúró. Wọ́n wúlò láti ya pósí tó wà ní ìtẹ́, tábìlì oúnjẹ tàbí àga tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Onífọ́tò sì lè gbé ISO kámẹ́rà sókè kó lè ríran nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n lára kámẹ́rà àtijọ́, àwòrán náà á rí bí ẹni da iyanrìn sí i.

Ohun tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà fi ń borí rẹ̀ ni fíláàṣì, kì í ṣe èyí kékeré tó ń yọ lórí kámẹ́rà, bí kò ṣe èyí tí wọ́n ń rà lọ́tọ̀, tí orí rẹ̀ ṣeé yí. Wọ́n á kọ orí fíláàṣì náà sí àjà, bí àjà náà bá funfun tí kò sì ga jù, ìmọ́lẹ̀ á tú sílẹ̀ wálẹ̀ bí ti ọ̀sán. Iná fíláàṣì yára débi pé ó lè dá ijó dúró, lẹ́ǹsì olówó pọ́ọ́kú á sì ya ìyá ìyàwó láìsí èéfín. Ọmọ iṣẹ́ tí kò ní irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀, tó wá ń sunkún lẹ́ǹsì, ẹsẹ̀ òsì ló fi ṣáájú.

Àmọ́ fíláàṣì kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan kì í gbà kí wọ́n tan án nígbà ìsìn. Bí àjà gbọ̀ngàn bá ga jù, tàbí tó bá jẹ́ abẹ́ kánópì lóru ni òde wà, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n jù sókè kò ní fi bẹ́ẹ̀ padà wá. Onífọ́tò tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń wọlé fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló nílò f/2.8 lóòótọ́. Èyí tí kò wọ́n tó ti Canon àti ti Nikon fúnra wọn ni 17-50mm tí ilé iṣẹ́ Tamron gbé jáde ní ọdún 2006. Ó wúwo tó ìlọ́po 2 lẹ́ǹsì kékeré náà, ó sì máa ń pariwo díẹ̀ tó bá ń wá ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń rí èrè rẹ̀.

J. D. 'Okhai Ojeikere, tó di gbajúmọ̀ káàkiri ayé nítorí àwòrán irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, kámẹ́rà Brownie D olówó kékeré tí kò ní fíláàṣì ló kọ́kọ́ rà ní ọdún 1950. Ní ọdún 1954, ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní ilé iṣẹ́ ìjọba nílùú Ìbàdàn.

Lóde òní, kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí nínú ló gbòde, lẹ́ǹsì tó ń bá wọn wá kò sì sàn jù ní ti ìmọ́lẹ̀. 18-45mm tí Canon gbé jáde ní ọdún 2022, f/6.3 ló ń bọ́ sí tí wọ́n bá fà á jìnnà. Nítorí náà, 18-55 àtijọ́ ṣì wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó mú tọ́ọ̀ṣì dání. Kó tan tọ́ọ̀ṣì náà gba ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, kó sì yọjú wo inú rẹ̀. Bó bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, olú ti hù sínú gíláàsì, kó gbé e padà fún ẹni tó ni ín. Kó yí òrùka rẹ̀ síwá sẹ́yìn bóyá iyanrìn ń dún nínú rẹ̀. Kó ya àwòrán kan ní f/3.5, kó tún ya òmíràn ní f/11, nítorí pé wáyà tó ń darí ihò ìmọ́lẹ̀ lè ti já, àìsàn yìí kì í sì í hàn nígbà tí ihò bá ṣí sílẹ̀.

Bàbá tó ń ro ti àpò kòkó rẹ̀ lè ní kí ọmọ fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́, kó tẹ̀ wọ́n sórí ìwé ínṣì 5 sí 7: ọ̀kan tó yà lọ́sàn-án, ọ̀kan tó yà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, àti ọ̀kan tó yà nínú gbọ̀ngàn lálẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jó. Bí méjì àkọ́kọ́ kò bá dára, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ni kí bàbá bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ta lẹ́ǹsì. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìkan ni kò dára, kó bi ọmọ náà bóyá ó ní fíláàṣì tí orí rẹ̀ ṣeé yí.