Ọ̀nà Ni Kókó, Kì í Ṣe Bọ́ọ̀sì: Bí Ètò BRT Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tọrọ gáfárà. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì dàgbà sí. Yorùbá tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Bí kálámù mi bá kọsẹ̀, ẹ bá mi gbé e dìde.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ìsinmi kan, mo lọ sọ́dọ̀ Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ní Kétu ní ìlú Èkó. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rán mi níṣẹ́ lọ sí CMS. Mo béèrè ibi tí mo ti máa wọ danfo. Wọ́n ní, "Danfo kẹ̀? Bí o bá fẹ́ tètè dé, BRT ni kí o wọ̀." Mo wọ̀ ọ́, mo sì jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí èèrà, wọn kò lè mira. Àwa ń lọ ní tiwa.

Nígbà tó yá, bọ́ọ̀sì wa náà dúró. Jíìpù kan ti ya wọ ojú ọ̀nà wa, ọkọ̀ méjì sì tẹ̀ lé e. Wọ́n fẹ́ já síwájú, wọn kò rí ibi já sí. Gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì wa, àti ti bọ́ọ̀sì mẹ́ta tó wà lẹ́yìn wa, ni a dúró nítorí ènìyàn tí kò pé mẹ́wàá. Ọjọ́ náà ló yé mi pé kì í ṣe bọ́ọ̀sì ni à ń pè ní BRT. Ọ̀nà ni.

KÍ NI BRT?

BRT jẹ́ ìkékúrú orúkọ Òyìnbó kan tó túmọ̀ sí ètò bọ́ọ̀sì tó ń yára gbé èrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí bọ́ọ̀sì bá ti tóbi, tó sì lẹ́wà, BRT nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé bọ́ọ̀sì tó dára jù lọ láyé sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ibẹ̀ náà ni yóò wà pẹ̀lú danfo tó ti gbó. Ohun mẹ́rin ló ń sọ bọ́ọ̀sì di BRT.

Èkíní ni ọ̀nà tirẹ̀. A ó ya ojú ọ̀nà kan sọ́tọ̀, a ó sì fi kọnkéré pààlà sí i, kí ọkọ̀ mìíràn má baà wọ ibẹ̀.

Èkejì ni sísan owó kí a tó wọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní 20 ènìyàn ń gba ẹnu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo wọlé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń lo ìṣẹ́jú àáyá 6 láti sanwó kí ó sì gba ṣéńjì. Ìṣẹ́jú 2 ti lọ ní ibùdókọ̀ kan. Bí ibùdókọ̀ bá jẹ́ 20, ìṣẹ́jú 40 ti ṣòfò lórí ìdúró nìkan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sanwó sílẹ̀, tí wọ́n sì gba ilẹ̀kùn méjì tàbí mẹ́ta wọlé, ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò yẹn lè tó.

Ẹ̀kẹta ni ibùdókọ̀ tí pèpéle rẹ̀ ga dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ inú bọ́ọ̀sì. Ìyá arúgbó, aboyún àti ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ kò ní máa gun àtẹ̀gùn kankan.

Ẹ̀kẹrin ni ìṣètò. Bọ́ọ̀sì kì í dúró dìgbà tó bá kún kó tó gbéra. Wọ́n ń tẹ̀ léra ni. Ní oríta, iná ojú pópó lè tètè fún wọn láyè. Àwọn kan sì wà ní ọ́fíìsì tí ń ṣọ́ bí gbogbo ọkọ̀ ṣe ń rìn.

NÍBO NI Ó TI BẸ̀RẸ̀?

Ìlú Curitiba ní Bùràsíìlì ni gbogbo ayé ti kọ́ ọ. Jaime Lerner, tó jẹ́ ayàwòrán ilé, di olórí ìlú náà ní 1971. Owó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá ní kí bọ́ọ̀sì ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ní 1974, wọ́n ya ọ̀nà àkọ́kọ́ sọ́tọ̀. Ní 1991, wọ́n kọ́ àwọn ibùdókọ̀ tó rí roboto bí ọ̀pá omi ńlá, níbi tí èrò ti ń sanwó kí bọ́ọ̀sì tó dé.

Ìlú Bogotá ní Kòlóḿbíà gba ẹ̀kọ́ yìí, ó sì fi kún un. Nígbà tí Enrique Peñalosa jẹ́ olórí ìlú, wọ́n ṣí TransMilenio ní oṣù Kejìlá ọdún 2000. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n fún bọ́ọ̀sì ní ojú ọ̀nà méjì lápá kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó ń yára lè kọjá èyí tó dúró gbé èrò. Níbi tí èrò ti pọ̀ jù, ó ń gbé èrò tó lé ní 40,000 ní wákàtí kan sí apá kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ojú irin àwọn ìlú kan kò gbé tó bẹ́ẹ̀.

BRT DÉ ÈKÓ

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008 ni ti Èkó bẹ̀rẹ̀, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. LAMATA, àjọ ìrìnnà ìjọba ìpínlẹ̀ náà, ló ṣètò rẹ̀. Láàárín nǹkan bí oṣù 15 ni wọ́n fi ṣe é parí. Ẹ fi wé ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti Èkó yìí kan náà: wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta ní 2009, ọdún 2023 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Mi ò sọ pé kí a má ṣe ọkọ̀ ojú irin o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ebi ń pa kò lè dúró de iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìn.

Èkó kò ra gbogbo ọjà Curitiba. Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà náà ni wọ́n fi kọnkéré pààlà sí; àwọ̀ ọ̀dà nìkan ni wọ́n fi sàmì sí apá kan. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́n níbì kan: wọn kò lé àwọn onídanfo dànù. Ẹgbẹ́ awakọ̀ náà dá àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wa bọ́ọ̀sì náà. Ní 2015, wọ́n fa ọ̀nà náà dé Ìkòròdú. Lónìí, káàdì Cowry ni èrò fi ń sanwó.

KÍ NI ÈRÈ RẸ̀?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ènìyàn 60 bá wọ bọ́ọ̀sì kan, nǹkan bíi mítà 12 ni wọn yóò gbà lójú títì. Bí àwọn 60 yìí bá wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní méjì-méjì, ọkọ̀ 30 nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba mítà 6 pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín wọn, mítà 180 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù méjì. Èéfín ọkọ̀ kan kò sì tó ti ọgbọ̀n.

Èrè tó tún jù ni àkókò. Alágbàtà tó bá fi wákàtí kan dín ìrìn àjò rẹ̀ kù á ráyè ọmọ rẹ̀ lálẹ́. Ọlọ́jà àti lébìrà kò ní jíìpù. Ojú ọ̀nà yẹn nìkan ni ìpín tiwọn nínú títì ìjọba.

IBI TÍ Ó KÙ SÍ

N kò ní purọ́ fún yín. Bí bọ́ọ̀sì bá bàjẹ́ tí a kò tún un ṣe, èrò á tò títí oòrùn á fi pa wọ́n. Ní Bogotá pàápàá, èrò ń há mọ́ra wọn bí ẹja inú agolo. Àmọ́ àìsàn tó burú jù ni ti àwọn tó ń gba ọ̀nà ọlọ́nà. Ní oṣù Keje ọdún 2012, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fúnra rẹ̀ dá ọ̀gá ológun kan dúró tó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà BRT. Gbogbo ìlú ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gómìnà kò lè máa dúró sójú títì lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gùn lọ síbi ẹ̀kọ́ lónìí. Lọ́la, ẹlòmíràn nínú wa yóò di ẹnjiníà, òmíràn á di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba, òmíràn á ra jíìpù. Àwọn ìlú tí a ti wá ń tóbi sí i, ọ̀rọ̀ yìí á kàn wọ́n dandan. Ó rọrùn láti ra bọ́ọ̀sì, ká sì gé rìbọ́nnì. Ohun tó ṣòro ni kí ẹni tó lágbára jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kí ó máa wo ọ̀nà tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó má sì wọ̀ ọ́. Bí ó bá kàn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún èrò.

Ire o.