Tọ́nípù, Ọ̀gbìn Ìgbà Òtútù

Tọ́nípù jẹ́ ọ̀gbìn àwọn ilẹ̀ tí ó tutù. Àti gbòǹgbò rẹ̀ tí ó rí roboto, àti ewé rẹ̀, ni ènìyàn ń jẹ. Bí ooru bá mú un, gbòǹgbò náà a le bí igi, a sì korò. Òtútù ni í mú kí ó dùn.

Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa fún irúgbìn rẹ̀ ní oṣù Kẹfà tàbí Keje, kí ó lè gbó nígbà tí òtútù bá dé. A kì í bò ó jìn ju ìdajì ínṣì lọ. Bí ó bá hù, a ó fa díẹ̀ tu, kí ọ̀kan lè jìnnà sí èkejì ní ínṣì 6. Èyí tí ó bá há kì yóò tóbi.

Ní ọdún 1730, ìjòyè Charles Townshend fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀ ní Raynham, ó sì gbé ọ̀gbìn yìí ga. Nígbà tí koríko bá tán, tọ́nípù ni màlúù àti àgùntàn ń jẹ. Ìgbẹ́ wọn sì ń mú ilẹ̀ sanra fún ọkà bálì tí ó tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ tí ó bá fi àkókò gbígbìn ṣeré, ẹran rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀ nígbà òtútù.