Ìgbóná Tí Ó Wà Nínú Ilẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Ìwó níhìn-ín, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì kú mọ́ àwọn ọmọ tí ń kàwé lójú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Tíṣà, ṣebí omi gbígbóná wà ní Ìkógòsí. Kí ló dé tí wọn kò fi í tan iná fún wa?" Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Inú ilẹ̀ gbóná. Ní ibi púpọ̀ láyé, bí a bá ti gbẹ́lẹ̀ tó kìlómítà kan, ìgbóná a máa fi bí ìwọ̀n Celsius 25 sí 30 lé sí i. Ní Ìkógòsí, ní ilẹ̀ Èkìtì, omi òjò a wọnú àpáta lọ jìnnà, a lọ́ wọ́ọ́rọ́, a sì tún sun jáde. Ó pàdé ìsun tútù, àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ ni. Kò lè se ẹyin jinná. Ẹ̀rọ iná ń fẹ́ ooru alágbára, irú èyí tí ń gbé ọmọrí ìkòkò sókè, kí ó lè yí kẹ̀kẹ́ irin rẹ̀.

Ní Larderello, ní ilẹ̀ Ítálì, irú ooru bẹ́ẹ̀ ń rú jáde láti inú ilẹ̀. Ní ọdún 1904, Piero Ginori Conti fi í tan gílóòbù márùn-ún. Ní Olkaria, nítòsí adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà, wọ́n ti ń fi í pèsè iná láti ọdún 1981. Ilẹ̀ ń ya níbẹ̀, àpáta tí ó yọ́ sì sún mọ́ òkè. Àpáta tiwa ní Ìwó ti di arúgbó, ó sì ti tutù. A ó gbẹ́ ọ̀pọ̀ kìlómítà kí a tó bá irú ooru bẹ́ẹ̀. Owó kékeré kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Bí a bá pín ìgbóná tí a rí nínú ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, bí ọ̀kan péré ni ẹ̀rọ ń sọ di iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Mẹ́sàn-án ìyókù ńkọ́? Ẹ wo ìyá tí ó ro àmàlà tán: yóò sun àgbàdo lórí ẹ̀yinná, yóò sì gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Svartsengi ní Áísílándì: ilé-iṣẹ́ kan náà ń pèsè iná, ó sì ń pèsè omi gbígbóná tí ń mú inú ilé móoru nígbà òtútù. Ní Naivasha, àwọn olóko òdòdó ń fi í mú ilé ọ̀gbìn wọn móoru. Lẹ́yìn èyí, a máa ń dá omi náà padà sínú ilẹ̀, kí orísun má baà gbẹ.

Nítorí náà, ọmọ mi, Ìkógòsí kò lè tan iná fún Ìwó. Ṣùgbọ́n ààrò búrẹ́dì àti ààrò gàrí wà ládùúgbò wa, ìgbóná wọn sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀ lọ́la, ẹ bi ara yín léèrè: iṣẹ́ wo ni ìgbóná yìí ṣì lè ṣe kí ó tó lọ? Bóyá ata ni yóò gbẹ, bóyá omi ni yóò yá.