Gbígbin rósì aṣálẹ̀ láti inú irúgbìn

Rósì aṣálẹ̀ (Adenium obesum) jẹ́ igi kékeré olódòdó tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ń hù fúnra rẹ̀ láti Senegal la ilẹ̀ Sahel já dé Sudan àti Ìlà-oòrùn Áfríkà, títí dé ilẹ̀ Lárúbáwá. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, inú ìkòkò ni a sábà máa ń gbìn ín sí fún ẹwà. A lè gbin irúgbìn rẹ̀ nínú ilé, kódà ní ìlú tí òjò pọ̀ sí bíi Ore, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohun tí ó sábà máa ń pa á ní irú ibẹ̀ kì í ṣe òùngbẹ bí kò ṣe omi tí ó dúró sí ìdí rẹ̀.

Orúkọ

Onímọ̀ ewéko Peter Forsskål, tí ó kú ní Yemen ní ọdún 1763, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe igi yìí. Wọ́n tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1775, Nerium obesum ni ó sì pe igi náà. Roemer àti Schultes ni wọ́n gbé e sí abẹ́ Adenium ní ọdún 1819. Láti ara orúkọ Aden, ìlú etí òkun ní Yemen, ni Adenium ti wá. Obesum túmọ̀ sí "sísanra" ní èdè Látìnì, nítorí ìdí igi náà tí ó wú.

Ìrísí

Ẹbí Apocynaceae ni igi yìí wà, pẹ̀lú ahùn àti asofẹ́yẹjẹ tí ó wà nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Bíi tiwọn, oje funfun ń jáde lára rẹ̀ bí a bá gé e. Ìdí rẹ̀ tí ó wú ni ó ń fi omi pamọ́ sí. Òdòdó rẹ̀ máa ń pupa tàbí kí ó ní àwọ̀ osùn, ó sì ní ewé márùn-ún. Èso rẹ̀ máa ń so ní méjì-méjì bí ìwo ewúrẹ́. Irúgbìn inú rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ní irun bí òwú àràbà ní orí àti ìdí, èyí tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e lọ.

Ẹ̀ka tí a gé gbìn náà máa ń hù, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í sábà wú dáadáa bíi ti èyí tí a fi irúgbìn gbìn. Àwọ̀ òdòdó ọmọ sì lè yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀.

Kíkó irúgbìn

Bí èso bá ti ń gbó, a máa ń fi òwú dì í tàbí kí a fi àpò aláwọ̀n bò ó kí ó má baà là, kí afẹ́fẹ́ sì kó irúgbìn inú rẹ̀ lọ. Irúgbìn tí kò tíì pẹ́ nílẹ̀ ni ó máa ń hù jù.

Erùpẹ̀ àti gbígbìn

Ìdá méjì yanrìn odò tí hóró rẹ̀ tóbi, ìdá kan èédú tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́ àti ìdá kan ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà dáadáa yóò tó. Lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú kò dára fún un, nítorí ó máa ń di omi mú. Ike tàbí agolo tí a bá lò gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀.

Oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, jẹ́ àkókò tí ó rọrùn ní Ore.

1. Kí a rẹ irúgbìn sínú omi fún wákàtí díẹ̀.
2. Kí a tẹ́ ẹ ní ìbú sórí erùpẹ̀, kí a sì fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó.
3. Kí a gbé e sí ibi tí ó móoru tí ó sì mọ́lẹ̀, kí erùpẹ̀ náà máa tutù díẹ̀. Irúgbìn tí ó dára máa ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.
4. Nígbà tí ó bá ti yọ ewé, kí a jẹ́ kí ojú erùpẹ̀ gbẹ kí a tó tún bomi rin ín.
5. Kí a máa sún un sínú oòrùn díẹ̀díẹ̀, kí a sì lọ́ ọ sínú ìkòkò tirẹ̀ nígbà tí ó bá lágbára.

Ó sábà máa ń yọ òdòdó láàárín ọdún kan sí méjì.

Ìtọ́jú ní àsìkò òjò àti ọyẹ́

Láti nǹkan bí oṣù kẹta dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní Ore. Ní àkókò yìí, abẹ́ òrùlé tí oòrùn ti lè kàn án ni ó yẹ kí ìkòkò náà wà, kì í ṣe ibi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti ń ṣàn sí i. Bí ìdí rẹ̀ bá rọ̀ nígbà tí a fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ti ń jẹrà nìyẹn. A lè fi ọ̀bẹ tí ó mọ́ gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò, kí a sá ìyókù sí ibòji fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó tún un gbìn.

Nígbà ọyẹ́, ewé rẹ̀ lè rẹ̀ dànù. Bí ìdí rẹ̀ bá ṣì le, ìsinmi ni ó wà, kò kú. Ẹni tí ó bá rò pé ó ń kú lọ, tí ó wá ń da omi sí i lójoojúmọ́, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Májèlé

Oje igi yìí ní èròjà tí ó lè da ìlù ọkàn rú. Ní oríṣiríṣi ibi ní Áfríkà, àwọn ọdẹ máa ń fi í sí orí ọfà. Ó yẹ kí a gbé ìkòkò rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ewúrẹ́ kò ti ní tó o, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá gé e. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Epo pupa tàbí mílíìkì kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé yìí.